Igi Lórúkọ, Ẹni Tó Gbẹ́ Ẹ Ńkọ́? Láti Ṣíbí Ìfẹ́ Wales dé Ọjà Pákó Ọ̀rẹ̀

Yálà inú dánfó lẹ wà, tàbí ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò níbi tẹ́ ẹ ti ń rokà, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ètò yìí dípò kẹ́ ẹ gbọ́ ọ nítorí dátà, ẹ̀yin náà, ẹ kú ìfẹ́.

Ọ̀rọ̀ ṣíbí la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣíbí onígi ni o, kì í ṣe ṣíbí oníke tí wọ́n ń kì bọ ráìsì òde àríyá.

Orílẹ̀-èdè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Wales. Láyé àtijọ́, bí ọ̀dọ́mọkùnrin ibẹ̀ bá rí ọmọbìnrin tó wù ú, kò sí Instagram tó máa fi yọ wọlé. Igi ló máa wá. Yóò jókòó sídìí iná lálẹ́, yóò fa ọ̀bẹ yọ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ṣíbí fún un. Lovespoon ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ ká kúkú pè é ní ṣíbí ìfẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í fi í bu ọbẹ̀. Ibi orí rẹ̀ nìkan ló jọ ṣíbí, gbogbo ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọnà: àwòrán ọkàn, kọ́kọ́rọ́, kẹ̀kẹ́, ẹ̀wọ̀n. Musíọ̀mù kan wà ní St Fagans, létí ìlú Cardiff, tó kó ọ̀pọ̀ wọn jọ. Nínú èyí tí wọ́n kọ ọdún sí lára níbẹ̀, èyí tó pẹ́ jù lọ jẹ́ ti 1667.

Àwòrán ọkàn kò yà mí lẹ́nu. Emoji lásán nìyẹn. Ẹ̀wọ̀n yẹn ló mú mi dúró. Ẹ̀wọ̀n onígi ni, òrùka kan wọnú òrùka kejì, wọ́n ń mì jolojolo, síbẹ̀ kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí ìṣó, kò sí ibi tí wọ́n ti là á kí wọ́n tó so ó pọ̀. Igi kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Àwọn mìíràn tún gbẹ́ àgò kékeré sí ọwọ́ ṣíbí náà, bọ́ọ̀lù igi á wà nínú rẹ̀ tó ń yí gbirigbiri ṣùgbọ́n tí kò lè jáde. Inú àgò yẹn gan-an ni wọ́n ti gbẹ́ bọ́ọ̀lù náà, láti àárín òpó mẹ́rin, pẹ̀lú ṣóńṣó ọ̀bẹ, díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá kú, ẹni tó ń gbẹ́ ẹ yóò fipá tì í, bó bá sì ti fipá tì í, òpó kan á ṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ á sì di igi ìdáná. Wọ́n ní bàbá ọmọbìnrin náà máa ń yẹ ṣíbí wò dáadáa, kó lè mọ̀ bóyá ọmọkùnrin yìí ní sùúrù, àti bóyá ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́.

Kí ló wá kàn wá? Ẹ jẹ́ ká fò wálé.

Ní Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, nínú musíọ̀mù iṣẹ́ ọnà Áfíríkà tí wọ́n ní níbẹ̀, àwokòtò onígi kan wà. Àwọn obìnrin ń jó lórí ọmọrí rẹ̀. Àwọn tó kúnlẹ̀ sísàlẹ̀ ló fọwọ́ gbé e ró, ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ wá wo àárín àwọn tó kúnlẹ̀ yìí: orí ènìyàn kan wà níbẹ̀ tó dá wà fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá yí àwokòtò náà, orí yẹn á yí. Ẹ lè fìka tì í. Ẹ ò lè yọ ọ́ láéláé, nítorí pé inú igi kan náà ni wọ́n ti gbẹ́ òun àti àwọn tó yí i ká, láàárín ẹsẹ̀ àti ọwọ́ wọn.

Ẹni tó gbẹ́ ẹ ni Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, ará Èkìtì, tó kú ní 1938. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ti Wales. Ohun tó yé àwọn tó jókòó sídìí iná lọ́hùn-ún ló yé òun náà ní Ìsẹ̀-Èkìtì: bí o bá fẹ́ kí ẹni tó ń wo iṣẹ́ rẹ pariwo, gbẹ́ ohun tó ń mì sínú ohun tí kò mì, má sì jẹ́ kó rí ojú ọ̀nà tó o gbà.

Ọgbọ́n yìí tilẹ̀ ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́ kí wọ́n tó bí Ọlọ́wẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀, nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ibẹ̀ fi eyín erin ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ fún àwọn ọba àti ìjòyè. Ẹ̀gbà méjì ni, ọ̀kan wà nínú ìkejì, òde ń yí lára inú, wọn ò sì ṣeé yà. Eyín erin kan ṣoṣo ni. Àwọn kan nínú irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀ wà ní musíọ̀mù ilẹ̀ òkèèrè báyìí, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe dé ọ̀hún. Ọjọ́ mìíràn la máa sọ tìyẹn, kí ẹ̀jẹ̀ mi má baà ru.

Ẹ ó sọ pé, ó dáa, ṣùgbọ́n ṣé àwa fúnra wa gbẹ́ ṣíbí? A gbẹ́ ẹ o! Ìwé àwọn aṣọ́bodè Lisbon, ní ilẹ̀ Pọtogí, ti ọdún 1504 sí 1505, ti ń ka ṣíbí eyín erin mọ́ ẹrù tó ń ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé. Nígbà tó sì di 1588, ọkọ̀ ojú omi kan gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Benin. Ọ̀gá ọkọ̀ náà ń jẹ́ James Welsh. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: Welsh ni wọ́n ń pe ará Wales lédè Gẹ̀ẹ́sì! Èmi ò sọ pé ó ní ṣíbí ìfẹ́ nílé o. Ṣùgbọ́n nínú àkọsílẹ̀ ìrìn àjò náà, wọ́n dárúkọ ṣíbí eyín erin tí wọ́n rí ní Benin, pé wọ́n gbẹ́ oríṣiríṣi ẹyẹ àti ẹranko sí wọn lára, iṣẹ́ náà sì yà wọ́n lẹ́nu. Ìyẹn fi nǹkan bí ọgọ́rin ọdún ṣáájú ṣíbí 1667 ti St Fagans.

Wọ́n dárúkọ ṣíbí. Wọ́n dárúkọ ẹyẹ. Wọ́n dárúkọ ọ̀gá ọkọ̀. Ta ló gbẹ́ ṣíbí? Kò sẹ́ni tó béèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí nìyẹn, ibẹ̀ náà ló sì gbé mi dé Ọ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Benin mọ Ọ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà ti máa ń dúró kẹ́ ẹ jẹun. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n sí ìlú ogun: oṣù kẹjọ 1967, ibẹ̀ làwọn ọmọ ogun Biafra tó ń bọ̀ láti Benin dé, kí wọ́n tó dá wọn padà. “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀” tí àwọn bàbá wa ń sọ títí dòní, ibẹ̀ ló ti wá. Ọ̀rẹ̀ yìí kan náà ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó, igbó ọba Olúwa sì wà lágbègbè ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ ìlapákó fi pọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, òórùn igi tútù ló máa kọ́kọ́ kí yín, kẹ́ ẹ tó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ CD tó ń la gẹdú.

Igi inú igbó yìí lórúkọ. Ìrókò, ìdígbó, afàrà, òpèpè: àwọn oníṣòwò pákó ní London ń pe àwọn orúkọ yìí bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn yọ àmì ohùn kúrò lórí wọn ni. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n. Òyìnbó tí kò lè kí yín “ẹ káàárọ̀” lè kọ lẹ́tà pé òun ń fẹ́ idigbo fún fèrèsé ilé òun. (Ẹ̀yin ará Òdìgbó, mi ò sọ pé ara igi yẹn ni orúkọ ìlú yín ti wá o. Wọ́n kàn jọra létí ni.) Igi tó kúrò lọ́dọ̀ wa mú orúkọ rẹ̀ lọ. Ẹni tó gbẹ́ ṣíbí tí wọ́n rí lẹ́yìn 1588 kò mú tirẹ̀ lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìdí ni pé àṣà wa kò ka ẹni kan sí, pé ti àdúgbò ni gbogbo iṣẹ́. Èmi kò gbà á. Nígbà tí onímọ̀ Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, lọ bá ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, màmá náà ki oríkì Ọlọ́wẹ̀ fún un láìwo ìwé. Ó mọ iṣẹ́ tó ṣe, ó mọ ìlú tó ti ṣe é. Orúkọ náà wà nílé láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Oníṣẹ́ kò ní jókòó máa ki ara rẹ̀ fún àlejò. Àlejò ló yẹ kó bi àwọn ará ilé. Ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ dé òde àfihàn ńlá Wembley ní London ní 1924. Ó wu àwọn British Museum, wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe nílùú wọn ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ìlẹ̀kùn náà sì wà lọ́dọ̀ wọn dòní. Ó di 1998 kí musíọ̀mù Washington tó ṣe àfihàn odidi kan fún iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan, tòun torúkọ rẹ̀. Ẹ ka iye ọdún tó wà láàárín 1924 àti 1998.

Ní ti ìfẹ́, ẹ má rò pé àwọn bàbá wa ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan sọ̀rọ̀. Àrokò ni tiwa. Ní 1887, ìwé àwọn onímọ̀ kan ní London tẹ àrokò àwọn ará Ìjẹ̀bú, tí wọ́n múlé ti àgbègbè Òdìgbó, jáde. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹ̀fà. Mẹ́jọ túmọ̀ sí pé a jọra, ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹ ò rí i pé ó rọrùn ju ẹ̀wọ̀n onígi lọ? Kò sí ọ̀bẹ, kò sí ọgbẹ́ ìka. Orógùn àti odó tiwa, inú ẹrù ìyàwó ni wọ́n máa ń wà, ìdílé ìyàwó ló ń rà wọ́n, kì í ṣe ọmọkùnrin ló ń gbẹ́ wọn. Lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà Dan ní Liberia àti Côte d'Ivoire, ṣíbí onígi ńlá tó lọ́nà lára ni wọ́n ń fún obìnrin tó lawọ́ jù lọ ládùúgbò, ẹni tó máa ń gbàlejò, tó máa ń bọ́ ènìyàn. Èmi fẹ́ràn tiwọn yẹn gan-an, kí n má purọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ wàyí, torí àwọn kan nínú yín ti fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo dárúkọ ètò yìí, wọ́n ní ṣé mo máa sọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn.

Irin pípọ́n ṣe pàtàkì ju gbígbẹ́ lọ, bẹ́ ẹ bá bi mí. Ìṣe náà sì ju irin lọ lọ́jọ́ orí. Ní 1965, Thurstan Shaw àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ Ihò Eléérú, lẹ́bàá Ìsàrun, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Wọ́n bá egungun ẹni tó ti kú láti ohun tó ju 11,000 ọdún lọ, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkúta tí wọ́n ṣá kó lè mú. Nínú ilẹ̀ òkè, tí kò pẹ́ tó ìyẹn, àáké olókùúta wà níbẹ̀ tí wọ́n fi òkúta mìíràn lọ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi tẹ́. Irú àáké bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá wa ń hú lóko tí wọ́n ń pè ní ẹdùn àrá, tí wọ́n kó fún Ṣàngó. Ẹnì kan ló jókòó nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí, kí irin tó dé, tó ń lọ òkúta lórí òkúta.

Ọ̀nà tó ń gbà mú ọ̀bẹ mú kò yàtọ̀. Ẹ wá òkúta tó hú díẹ̀, ẹ bu omi sí i. Ẹ tẹ́ ọ̀bẹ lé e, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè díẹ̀, bíi pé ẹ fi owó onírin méjì sábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó lọ sókè tàbí sílẹ̀ mọ́. Ẹ máa fà á. Tó bá yá, ẹ fi àtàǹpàkò yẹ ẹ̀gbẹ́ kejì wò, láti ẹ̀yìn wá sí ẹnu, ẹ má fà á gba ojú ẹnu rẹ̀ o. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ tó ń họ yín lọ́wọ́ díẹ̀, èérún irin tó ti tẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀bẹ nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ ti tó. Ẹ yí i padà, ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà, kẹ́ ẹ wá bọ́ sórí òkúta tó jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú awọ bẹ́líìtì tó ti gbó, ẹ fa ọ̀bẹ náà sẹ́yìn lórí rẹ̀, ẹ má tì í síwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó gé awọ náà. Ogún ìgbà lọ́tùn-ún, ogún lósì. Ọ̀bẹ tó mú máa ń ṣí igi bí ẹni bó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ibi tó gbà kọjá á sì máa dán. Èyí tó kú máa ń fa igi ya ni, ojú igi á rí wúruwùru. Ọ̀bẹ tó kú ló sì ń ṣe ènìyàn léṣe jù, torí pé agbára lẹ fi ń tì í.

Ní iléeṣẹ́ ìlapákó, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ayùn ẹ̀rọ ní orúkọ oyè: saw doctor ni wọ́n ń pè é, dókítà ayùn. Fáìlì ló fi ń pọ́n eyín ayùn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì tún máa tẹ eyín kan sọ́tùn-ún, èkejì sósì, kí ojú ibi tí ayùn gbà lè fẹ̀ ju ara ayùn lọ, kí igi má dì í mú. Mo dúró ti ọ̀kan ní Ọ̀rẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Bàbá náà kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́: bí fáìlì bá yí ohùn padà, á mọ̀ pé eyín yẹn ti tó. Gbogbo gẹdú tó ń wọ ọgbà yẹn, bàbá yìí ló wà nídìí bí pákó rẹ̀ ṣe máa tẹ́jú tó.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àtijọ́ máa ń gbẹ́ igi nígbà tó ṣì tútù, torí ó rọ̀ fún ọ̀bẹ. Àáké ló máa ń ṣáájú, láti la igi sí ìrísí tó ń lọ. Wọ́n á tún un ṣe kí orí, apá àti ẹsẹ̀ yàtọ̀ síra. Lẹ́yìn náà ni dídán. Fínfín ló kẹ́yìn, ìyẹn ni ìlà ojú, irun àti àwọn ọnà wẹ́wẹ́ gbogbo. Ewé èèpín, tó hú bíi sandpaper, wà nínú igbó lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi ra ara igi títí á fi jọ̀lọ̀. Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Àgùdà tó dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, ló kọ ìpele iṣẹ́ wọ̀nyí sílẹ̀ nínú ìwé. Àmọ́ ẹ̀yin ẹ wo ohun kan tó ṣe tí James Welsh ò ṣe: ó béèrè orúkọ. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, Báńdélé ọmọ Arówóògùn Òsì àti Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún, a mọ̀ wọ́n. Lámídì kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ Báńdélé níbẹ̀. Òun ló gbẹ́ ère Odùduwà ńlá tó wà ní gbọ̀ngàn Odùduwà ní yunifásítì Ifẹ̀, ó sì máa ń gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára iṣẹ́ rẹ̀. Ó kú ní 2009, kò sì sí musíọ̀mù tó máa kọ “a kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ” sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Gẹdú Ọ̀rẹ̀ náà kì í rìn láìlámì. Àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba ní òòlù kan tí wọ́n fi ń lu àmì sí ìdí gẹdú, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti wá àti pé wọ́n ti san owó rẹ̀. Ẹni tó ni ín á tún fi ọ̀dà kọ tirẹ̀. Kí gẹdú kan tó kúrò ní Ọ̀rẹ̀, ó ti ní àmì bíi mẹ́ta lára.

Kí n tó wọ mọ́tò padà, mo rí màmá kan tó ń ta orógùn, odó kékeré àti ìjábẹ̀. Mo mú orógùn kan. Iṣẹ́ náà mọ́, wọ́n fín ìlà mẹ́ta yí ọwọ́ rẹ̀ ká, ohun tí kò pọn dandan fún àmàlà rárá. Ẹni tó fín in kàn fẹ́ kó lẹ́wà ni.

Mo ní, “Ẹ kú ọjà, màmá. Ta ló gbẹ́ orógùn yìí?”

Ó wò mí. “Ṣé kò dáa ni?”

“Ó dáa, mà. Mo kàn fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ ni.”

“Àwọn ọkùnrin kan ló máa ń kó o wá. Ọmọ mi, ṣé o máa rà á àbí o ò ní rà á?”

Mo rà á. Mo fún un ní nọ́ńbà mi, mo ní kí ó fún ọkùnrin náà tó bá dé. Kò tíì pè mí.

Ẹ̀yin tí bàbá yín, ìyá yín tàbí ará àdúgbò yín ń gbẹ́ nǹkan, ìbáà ṣe orógùn, odó, ìlù tàbí àpótí ìjókòó, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ẹ dárúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀, àti igi tó fẹ́ràn láti máa lò, bó bá ṣáà ti fọwọ́ sí i. A máa ka àwọn orúkọ náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́sẹẹsẹ, kí a tó bọ́ sórí ètò tuntun.